Ajá Tí Mo Pa Gbígbó Mọ́ Lẹ́nu

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán ná kí ẹ tó ka èyí. Ìtàn mi ń rùn. Èmi tí mo ni ín gan-an, bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ eyín láàárọ̀, ìtọ́ tí mo máa ń tu dànù ju ti ẹni tó ń fọ eyín lọ.

Rawya lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Màmá Rim ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Opó ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àjà kẹta ni mo ń gbé ní Dokki, ní Káírò níbí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mo bá wúkọ́ lásán nídìí kàǹtà, ogójì ènìyàn á pa ẹnu mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó bá mi.

Rim, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà. Ìjọba fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn abúlé kan lápá Aswan, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn dókítà tuntun. Ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Fúùl ni ajá náà ń jẹ́, torí pé àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fúùl, ẹ̀wà tí à ń fi búrẹ́dì jẹ láàárọ̀. Ajá ìgboro ni. Abẹ́ ọkọ̀ ni Rim ti rí i, nígbà tó kéré débi pé inú fìlà ló gbé e wálé. Ó mọ èèyàn kí, ó mọ eré ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Bí onígáàsì bá ti wọ àdúgbò, tó ń fi sípánà lu sílíńdà, kan! kan! kan!, Fúùl á gbó títí gíláàsì fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Bí lífìtì bá dúró ní àjà tiwa, ó di ogun.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Muhsin kan ilẹ̀kùn. Oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ilé wa.

"Màmá Rim, nínú ẹ̀yin àti ajá yìí, ta gan-an ló nilé?"

"Ẹ má bínú, Dókítà."

"Mo ti bínú tán. Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fún un. Tí kò bá gbẹ́nu dákẹ́, kó padà sábẹ́ ọkọ̀ tó ti wá."

Mo pe Rim lórí fóònù. Ọmọ tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e. Kíláàsì ajá kan wà ní Maadi. Inji lorúkọ obìnrin tó ń kọ́ wọn. Kì í na ajá, kì í jágbe mọ́ ọn. Tí ajá bá ṣe dáadáa, á fún un lẹ́ran. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti forúkọ yín sílẹ̀."

"Àwa á lọ."

"Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní lù ú."

"Èmi? Ṣé mo lu ìwọ rí ni?"

"Màmá, ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Mo tiẹ̀ fi ẹ̀rín sí i.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, Inji fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí wáásáàpù, bí a ṣe máa múra sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ká má kọ́ ajá ní nǹkan kan àfi orúkọ rẹ̀. Ká pè é jẹ́ẹ́jẹ́, tó bá ti wojú wa, ká sọ pé "Ó dáa!" ká sì fún un lẹ́ran. Kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kíláàsì. Ká bọ ẹ̀dọ̀, ká gé e wẹ́wẹ́. Okùn ọrùn aláṣọ ni ká so mọ́ ọn, kò fẹ́ rí ṣéènì, kò fẹ́ rí èyí tó ń fúnni lọ́rùn. Ká mú ẹní tó ń sùn lé lórí wá, kó lè máa gbóòórùn ilé.

"Ẹ̀yin náà," bẹ́ẹ̀ ló wí, "ẹ sùn dáadáa, ẹ jẹun kí ẹ tó wá. Ẹni tínú ń bí ò lè kọ́ ajá."

Mo ṣe ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Lọ́jọ́ kẹta mo ní kí ló dé tí n óò máa pe ajá lórúkọ bíi pé adití ni.

Àwọn onítáksí wa kì í gbé ajá. Tíṣà Labib ló gbà wá. Ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ló ń gbé, nísàlẹ̀ ilé kan, ó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Òun àti ajá rẹ̀, Bónbón, ti forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì yẹn bákan náà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó débi pé okùn ló fi ń so ilẹ̀kùn kan.

Kíláàsì àkọ́kọ́, ìtìjú bò mí. Fúùl gbó mọ́ gbogbo ajá, ó gbó mọ́ igi, ó kó ẹ̀dọ̀ Tíṣà jẹ látinú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ó fà mí, mo ṣubú gbì sórí koríko, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ní ajá funfun kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Inji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Rim. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wojú yín lónìí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta dára. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè di mẹ́wàá."

Nínú ọkọ̀, Tíṣà ń tù mí nínú. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Màmá Rim."

Mo pòṣé. "Tíṣà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù, kì í ṣe ọdún márùn-ún."

Shaaban, mẹ́gáàdì ilé wa, ló ṣílẹ̀kùn fún wa nígbà tí a dé. Ó wo koríko lára aṣọ mi, ó wo ọ̀rá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ mi, ó mi orí.

"Àlhájà, ẹ̀dọ̀ tí ajá yìí ń jẹ, àwọn ọmọ mi ò rí i lá. Ó sì tún ń gbó mọ́ yín!"

"Kí ni kí n ṣe, Shaaban?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi ajá ṣọ́ ilé iṣẹ́. Ó ní okùn ọrùn kan, iná wà nínú rẹ̀. Tí ajá bá gbó, ẹ tẹ rìmóòtù. Á kọ́kọ́ dún, pí-pí-pí, láti kìlọ̀ fún un. Tí kò bá gbọ́ràn, iná á tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ajá yín á máa pè yín ní ọ̀gá."

"Ṣé kì í dùn ún?"

"Dùn ún kẹ̀? Bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ ni."

Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Mo tún mọ̀ pé mo fẹ́ kó pa á.

Mi ò jẹ́ kó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà mi, kí aládùúgbò má baà rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo so agbọ̀n mọ́ okùn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti bákónì bíi pé búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Shaaban to búrẹ́dì márùn-ún sínú rẹ̀, ó sì ki nǹkan náà bọ abẹ́ wọn. Mo fa agbọ̀n mi sókè díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó Dókítà Muhsin wà lójú fèrèsé tirẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, ṣé búrẹ́dì náà gbóná?" Mo ní, "Ó gbóná, ẹ wá jẹun."

Ibi tó ń tì mí lójú jù nìyí, tí mo sì gbọ́dọ̀ sọ. Kí n tó so ó mọ́ Fúùl lọ́rùn, mo dán an wò. Mo gbé e lé apá ara mi, níbi tí ẹran ti rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún pí-pí-pí. Iná náà gbé mi, apá mi fò sókè fúnra rẹ̀, mo kígbe, "Yéè!" Omi jáde lójú mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì, mo ń fọwọ́ pa apá.

Lẹ́yìn náà mo dìde, mo so ó mọ́ ajá lọ́rùn.

Onígáàsì dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Kan! kan! kan! Fúùl sáré sí bákónì, ó la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ajá rí. Ó yí po, ó ń wá ohun tó bù ú jẹ. Kò rí nǹkan kan. Ó wá sáré, ọ̀dọ̀ ta ló sáré wá? Ọ̀dọ̀ mi! Ó ki orí bọ abẹ́ yẹ̀rì mi, ó ń gbọ̀n, ó sá di mí. Rìmóòtù sì wà nínú àpò yẹ̀rì náà gan-an. Mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wá orúkọ tí wọ́n ń pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, kò gbó mọ́. Ọjọ́ karùn-ún, mi ò nílò iná mọ́, pí-pí-pí nìkan ti tó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti mọ̀ pé inú báàgì mi ni nǹkan náà wà. Tí ọwọ́ mi bá ti wọ báàgì, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ní kíláàsì, mo bọ́ okùn oníná náà sílẹ̀, mo so okùn aláṣọ tí Inji fẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Gbogbo wọn rò pé ẹ̀dọ̀ inú báàgì ló ń wò. Mo ní, "Fúùl, jókòó," ọwọ́ mi wọ báàgì, ó jókòó. Mo ní, "Lọ sórí ẹní," ó lọ. Obìnrin alájá funfun ya ẹnu.

"Ẹ wo Fúùl!" Tíṣà ń pariwo bíi pé ọmọ rẹ̀ ló gba àmì ẹ̀yẹ. "Ẹ wo ajá ìgboro!"

Inji nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìrù rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀. Kò sì jẹ ẹ̀dọ̀ tí ẹ fún un. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Ó ń fara balẹ̀ ni. Àbí ohun tí ẹ ní ká ṣe kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní n óò mú un lọ. Mi ò mú un lọ ibì kankan. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn yòókù lórí wáásáàpù. Èmi o! Mo ń kọ ọ́ gùn bíi lẹ́tà ìjọba: bí wọ́n ṣe máa múra ajá sílẹ̀ fún kíláàsì, bí wọ́n ṣe máa gé ẹ̀dọ̀, bí wọ́n ṣe máa fi ìfẹ́ pè é. Wọ́n ń fi òdòdó àti ọkàn pupa dáhùn. Mo ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bónbón ti Tíṣà kò tíì lè jókòó dé ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, Tíṣà bẹ̀ mí. "Màmá Rim, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àṣírí yìí hàn mí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

"Sùúrù ni, Tíṣà. Sùúrù àti ẹ̀dọ̀."

Ó ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fa ìwé kékeré yọ nínú àpò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nílé mi. Mo rò pé ẹ̀dọ̀ ló bàjẹ́ nínú báàgì, mo fọ báàgì, mo sun tùràrí nínú yàrá. Òórùn ò lọ. Nígbà tí mo tú okùn ọrùn Fúùl, mo rí i. Ojú ibi méjì tí irin okùn oníná náà ti kan ara rẹ̀ ti dá ihò, irun ibẹ̀ ti re, ó tutù, ó ń ṣọyún. Èébì gbé mi. Mo sáré lọ sídìí síńkì.

Mo da oògùn aláwọ̀ àlùkò sí i. Mo wá so síkáàfù pupa kan bò ó, ó dà bí oge. Mo ní okùn náà kò ní kan ọrùn rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, lífìtì dúró ní àjà wa, Fúùl ṣe "wúù" kékeré nínú ọ̀fun. Mo so ó padà. Mo kàn sún un sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọrùn ni.

Kíláàsì ìkẹyìn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Inji máa fún ajá tó bá yege ní ìwé, mo sì máa gbé ìwé náà lọ fún Dókítà Muhsin. Rim gba ìsinmi wá láti Aswan nítorí rẹ̀. Òru mọ́jú ló fi wọ rélùwéè, èmi àti Tíṣà sì yà gbé e ní ibùdó rélùwéè Giza láàárọ̀.

Fúùl gbóòórùn rẹ̀, ó fi ikùn wọ́ lọ bá a lórí àga ọkọ̀, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Kò fò, kò gbó.

"Màmá, ó ti rù."

"Ó ti gbẹ̀kọ́ ni."

"Ó dákẹ́ jù."

"Kí la tún wá lọ sí kíláàsì bí kò ṣe ìyẹn?"

Ó na ọwọ́ sí síkáàfù. Mo gbá a lọ́wọ́. "Má tú u, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é lóge fún ìdánwò ni!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Tíṣà. Tíṣà ń ráhùn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun tí wọ́n fún òun, aago mọ́kànlá ni kí òun máa lò ó, òun sì máa ń gbàgbé. Rim ní, "Ẹ gbé aago ọwọ́ yín wá." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Tó bá ti dún, ẹ lo oògùn yín."

"Ọlọ́run á bù kún ọ, Dókítà mi."

Èmi náà ṣe àmín.

Nínú ọgbà Inji, wọ́n to àga yíká. Àwọn ajá yòókù ṣe tiwọn. Bónbón jókòó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, omi sì lé ròrò sójú Tíṣà. Ó wá kàn wá. Mo tẹ́ ẹní. Ọwọ́ mi wọ báàgì. Fúùl dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo yíjú padà. Rim ń fi fóònù ya wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Aago ọwọ́ Tíṣà dún. Pí-pí-pí.

Igbe tí Fúùl ké, ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Nǹkan kan ò kàn án o. Okùn oníná ò sí lọ́rùn rẹ̀. Ó fò sókè, ó wólẹ̀, ó tọ̀ sára, ó ń fi èékánná wa ẹní bíi pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀ tó lè wọ̀. Aago náà ò dákẹ́. Pí-pí-pí. Tíṣà ń tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á? Rim, báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?" Inji já aago náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú abọ́ omi àwọn ajá, ó sì fi ẹsẹ̀ ti abọ́ náà sẹ́yìn igi.

Fúùl wọ́ dé ọ̀dọ̀ Rim. Inji kúnlẹ̀ tì wọ́n, kò wo ojú ajá náà, ó rọra tú síkáàfù.

Òórùn náà jáde. Oògùn àlùkò ti dàpọ̀ mọ́ ọyún, ó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ihò mẹ́rin ni, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Obìnrin alájá funfun gbé ọwọ́ bo imú, ó yí padà.

"Màmá Rim," Inji wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kí lẹ fi sí i lọ́rùn?"

"Igi... ẹ̀gún igi ló fà á ya."

 Rim fa báàgì mi, ó ń wá pépà láti fi nu ọgbẹ́. Ó kó ọ̀rá ẹ̀dọ̀ jáde, ó kó kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó wá yọ rìmóòtù jáde. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹnu mi sọ? Mo ní, "Mi ò lù ú. Rim, mo ṣèlérí pé mi ò ní lù ú, mi ò sì lù ú."

Bí ọmọ mi ṣe wò mí lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ kí ọ̀tá mi rí irú rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí lára ni?"

Ì bá ṣe pé mo parọ́! Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń parọ́, ìgbà tó yẹ kí n pa ọ̀kan sí i ni òtítọ́ bọ́ lẹ́nu mi.

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo dán an wò lápá mi kí n tó fi sí i."

 Rim gbé ajá rẹ̀ mọ́ra, ìtọ̀ àti ọyún ń ra aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Tíṣà fa ìwé kékeré rẹ̀ yọ. Ó ṣí i wò, ó wá ojú ewé kan rí, ó fà á ya jẹ́ẹ́jẹ́, ó ká a, ó fi í sórí báàgì mi. Mi ò nílò láti ṣí i kí n tó mọ̀ pé sùúrù àti ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀. Tíṣà so okùn ilẹ̀kùn, kò pè mí. Mo dúró lójú títì Maadi pẹ̀lú báàgì tí òórùn ẹ̀dọ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni Rim fi Fúùl sí kó tó padà sí Aswan. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà ò gba ajá.

Ẹ rò pé ó parí? Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn Dókítà Muhsin pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, eyín rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá Rim! Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i o, ajá yín lè dúró. A ò gbọ́ gbìn ín mọ́! Ajá tó gbẹ̀kọ́ bí èèyàn! Ẹ fún mi ní nọ́ńbà olùkọ́ yẹn, àbúrò mi ní ajá kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Mo dì mọ́ irin àtẹ̀gùn, mo rò pé n óò bì sí i lára.

Shaaban náà dé. "Àlhájà, tí ẹ bá ti lo okùn yẹn tán, ẹ dá a padà fún mi, obìnrin kan ní àjà kìn-ín-ní ń bèèrè rẹ̀."

Mo ní kó dúró. Mo gbé odó idẹ ìyá mi wá sí ẹnu ọ̀nà, mo sọ okùn àti rìmóòtù sínú rẹ̀, mo sì gún wọn lójú rẹ̀ títí wáyà fi tú jáde. Ó ní, "Àlhájà, kì í ṣe tèmi o!" Mo ń gún un lọ.

Inji kò lé mi. Ì bá lé mi, ì bá sàn fún mi. Ó ní kó tó kan ìmúrasílẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fò dá, ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Kí n máa lọ sílé Tíṣà ní gbogbo Sátidé, kí n jókòó sílẹ̀, kí n sọ ẹ̀dọ̀ sí ibi tó jìnnà sí mi, kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá náà, kí n má pè é. Ọjọ́ tó bá fẹ́, á wá.

Oṣù kẹjọ tí mo ti ń lọ rèé. Rim máa ń pe Tíṣà ní ọjọ́ Jímọ̀. Bó bá pe èmi, ìbéèrè kan ló máa ń bi mí.

"Ṣé ó ti gbó?"

"Kò tíì gbó."

"Ó dáa, Màmá." Á wá gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ajá, tàbí ọmọ, tàbí ẹnikẹ́ni tó wà lábẹ́ yín, bí ẹ bá rí i tó dákẹ́ lójijì, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú síkáàfù.

Sátidé tó kọjá yìí mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ Tíṣà bí mo ti ń ṣe. Fúùl wà lórí ẹní rẹ̀ lápá ọ̀hún. Irun ti hù bo ọgbẹ́ ọ̀tún, ti òsì ò hù. Mo sọ ẹ̀dọ̀, ó dúró, ó wá jẹ ẹ́. Mo sọ òmíràn sí ibi tó súnmọ́ mi díẹ̀. Ó jẹ ẹ́. 

Onígáàsì wọ àdúgbò. Kan! kan! kan! Bónbón fò sójú fèrèsé, ó ń gbó kíkankíkan. Fúùl dìde. Etí rẹ̀ nà sókè. Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń lọ, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ là. Mo ní nínú mi, gbó, ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbó, kí gbogbo ilé wó.

Ó kọ́kọ́ yíjú wo ọwọ́ mi.

"Ẹ má sọ̀rọ̀," Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ la ọwọ́ yín."

Mo la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo tẹ́ wọn sórí itan. Kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé, ó sì dọ̀bálẹ̀.